Ìjà Fèrèsé

Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ni Ìyá Ìbejì fi fa ìlà sí àárín tábìlì ìjẹun. Ó fà á láti etí kan dé etí kejì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tó ti wọ́, ó tún fà á kó gún. Apá tó wà lábẹ́ fèrèsé bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Aláago ni ọkùnrin náà. Àwo kékeré tó kó àwọn irin wẹ́wẹ́ inú aago sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó kọjá ìlà, ó gbé àwo náà kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé gan-an.

Obìnrin náà fi ìka kan ṣoṣo tì í padà.

Ìjà náà ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀. Ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì, àpò òwú àti ìdì aṣọ ilé-ìwé sórí ọmọlanke, ó wọ́ ọ wálé nínú òjò. Bàbá Ìbejì jókòó sídìí aago kan tó ń tún ṣe. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ni gbogbo èyí?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà kò ti bá a jẹun mọ́. Ó ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, ó sì ń gbé tirẹ̀ lọ jẹ ní kíṣìnì. Lọ́jọ́ kan, òróró aago kán sí ọrùn ẹ̀wù funfun kan. Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ gún Bàbá Ìbejì ní ìdí lórí àga tirẹ̀. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì.

Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti lọ síbi tí iṣẹ́ wọn wà. Èyí obìnrin nínú wọn ló gbọ́ ìjà náà lórí fóònù tó sì ya àwòrán yàrá oúnjẹ ránṣẹ́. Ó ní yàrá kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Kí wọ́n gé tábìlì ńlá náà sí méjì, kí wọ́n fi táyà kéékèèké sí ẹsẹ̀ wọn. Lójúmọmọ, kí oníkálukú fa tirẹ̀ síbi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù gíga mọ́ ògiri, èyí tí yóò gba ẹ̀rọ, òwú àti irin aago. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kó iṣẹ́ wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n so tábìlì méjèèjì pọ̀, kí wọ́n jẹun bí ènìyàn. "Bí ènìyàn" ló kọ sábẹ́ àwòrán náà.

Àwòrán náà dára. Àmọ́ fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní.

Ìyá Ìbejì ti sọ tinú rẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì rí i dájú pé ọkọ òun ń gbọ́. Ó ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi. Yàrá kékeré wà nínú rẹ̀. Bí yàrá oúnjẹ yìí kò bá gba òun, òun á kó ẹ̀rọ òun lọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni òun á sì máa sùn. Òní ni onílé ń retí èsì, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá Ìbejì gbọ́. Ó ní kó máa lọ. Inú ara rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Kò sì rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Káfíńtà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ inú àwòrán náà dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ àti pẹ́ńsùlù létí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń wí fún igi, fún ìṣó àti fún ènìyàn nìyẹn. Ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wo ìlà tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó rọra kọjú sí ògiri.

Ó wọn ògiri, ó wọn ẹnu ọ̀nà. Ó fi ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà hàn wọ́n, wọ́n gbà. Ó fi ibi tí wọn yóò fa iná dé hàn wọ́n, wọ́n gbà. Ó dé ìdí fèrèsé, ó dúró.

"Ta ló máa wà níbí?"

"Èmi," ni àwọn méjèèjì wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ káfíńtà di ẹni à ń rán. Tábìlì nìkan ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé òwú dúdú lórí aṣọ dúdú, ojú mi ò rí i mọ́ láìsí ìmọ́lẹ̀."

"Sọ fún un pé nígbà tí oòrùn wà lórí rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣì ń gùn ju èkejì lọ."

"Bi í léèrè aago ilé-ìwé tó tún ṣe. Àwọn ọmọ ò tíì wọ kíláàsì tó fi lù pé kí wọ́n máa lọ sílé."

"Ẹ̀yin àgbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ni káfíńtà wí. Ó ní ọ̀nà kan wà. Bí wọ́n bá gbé tábìlì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí àwọn méjèèjì kọjú síra, ìmọ́lẹ̀ á kàn wọ́n bákan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. "Wọ́n sáà máa ń sọ pé ojú ló ń rójú ṣàánú."

"Mi ò wá àánú," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ìmọ́lẹ̀ ni mo wá. Kí n wá máa wo ojú Bàbá Ìbejì láti àárọ̀ di alẹ́?"

Bàbá Ìbejì ní kí káfíńtà sọ fún un pé òun náà ti wo tirẹ̀ tó.

Káfíńtà kò sọ ọ́. Obìnrin náà ti gbọ́. Nǹkan kan yí lójú rẹ̀, ó sì parẹ́ kíákíá.

Bàbá Ìbejì mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Kò sọ fún ara rẹ̀ ibi tó ń lọ. Ó gba iwájú ilé-iṣẹ́ omi, ó yà sẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láàárín ẹni tó ń ta ọ̀dà àti onígbàjámọ̀. Obìnrin tó ni ín rò pé ó fẹ́ gbà á, ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Àléébù ni Bàbá Ìbejì ń wá. Ó wo àjà. Kò jò. Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ káàkiri. Ó le. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo igun ilé bóyá eku ń gba ibẹ̀. Kò sí ihò kankan. Ó wo yàrá tó wà lẹ́yìn. Ó mọ́, ó sì gba bẹ́ẹ̀dì kan. Bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan. Ó yára jáde níbẹ̀.

Ó wá kọjú sí fèrèsé.

Méjì ni. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dé igun. Ọkùnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ síta, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlà ibẹ̀ ló hàn. Ó ti pẹ́ tó ti rí wọn bẹ́ẹ̀.

"Ẹ pẹ́ díẹ̀," ni onílé wí. "Aránṣọ kan ti rí i ṣáájú yín. Ó ti wá wò ó, ó tún padà wá. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ òun lọ́rùn. Mi ò mọ ohun tó ń dá a dúró."

Bàbá Ìbejì dúpẹ́, ó jáde. Níwájú onígbàjámọ̀, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Fèrèsé méjì nìyí, obìnrin náà ti rí wọn. Síbẹ̀, láti àárọ̀ ló ti ń bá òun jà lórí fèrèsé kan tí kò fẹ̀ ju ojú àga lọ. Ó yí ọ̀rọ̀ náà sókè, ó yí i sódò, bó ṣe máa ń yí aago tó yẹ kó ti kú àmọ́ tó ṣì ń rìn.

Nígbà tó padà délé, káfíńtà wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń ká okùn ìwọ̀n rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ti yanjú," ó ní. "Ìyá ní kí n fi tábìlì yín sábẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní kí n fi gbogbo yàrá ṣe tiyín."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí ẹ ṣe jáde ni. Wọn ò tilẹ̀ bínú mọ́."

"Kò bínú?"

"Rárá o. Wọ́n kàn dákẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n ń di òwú wọn."

Àyà Bàbá Ìbejì já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà, kò já báyìí.

Ó wọlé. Ìyá Ìbejì ń kó òwú sínú àpò, funfun sí ọ̀tọ̀, dúdú sí ọ̀tọ̀. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Kò gbójú sókè. Ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ọkùnrin náà mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì le. Àmọ́ kò tíì gba ẹnu rẹ̀ jáde rí, kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ó pe ẹni tó wà níta. "Wọlé. Bá mi sọ fún Ìyá Ìbejì pé mi ò gbà."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí òwú.

"Bi í pé ta ló tọrọ fèrèsé lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ọmọdé tó ń sunkún ni mí, tó fi ń fi nǹkan rẹ̀ mí lẹ́kún? Tábìlì rẹ̀ máa kọjú sí tèmi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe kàn mí ló máa kàn án. Bí kò bá fẹ́ wo ojú mi, kó máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀."

Káfíńtà la ẹnu láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó yíjú pátápátá sí ọkọ rẹ̀.

"Ta ló ń bẹ̀rù ojú yín? Òróró yín ni mi ò fẹ́. Bó bá kán sí aṣọ ọmọ kan péré, ọwọ́ ara yín lẹ máa fi fọ̀ ọ́."

"Bí abẹ́rẹ́ bá tún wà lórí àga mi ńkọ́?"

"Kí ẹ máa wo ibi tí ẹ ń fìdí lé."

Káfíńtà kọjú sí ògiri tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Fóònù dún. Àwọn méjèèjì wò ó. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì rí i pé onílé ṣọ́ọ̀bù ló ń pè, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpò òwú náà, ó dà á padà sórí tábìlì, òwú bo fóònù mọ́lẹ̀.

"Àti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ga ju ti fóònù lọ, "ìpele òkè pátápátá ni tèmi."

"Ọwọ́ rẹ ò tó o."

"Ẹ̀yin lẹ máa máa bá mi gbé e."

Fóònù dákẹ́. Bàbá Ìbejì fa àga, ó wo orí rẹ̀ dáadáa, ó jókòó. Obìnrin náà ti ń sọ fún káfíńtà bí ìpele náà yóò ṣe jìn tó. Ọkùnrin náà gbójú sí fèrèsé. Ó kéré lóòótọ́. Igi férémù rẹ̀ ti wọ́, gíláàsì rẹ̀ sì ti là lápá kan. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jà nítorí rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí ohun tí obìnrin náà ń wá níbẹ̀.