Ghazi, Ọmọ Ta Ni?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń fi ìyá rẹ̀ pamọ́, ẹ wá sí Umm al-Lawz. Ìlú náà fúnra rẹ̀, Ìyá Álímọ́ńdì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ìyá nǹkan kan ni wọ́n ń pè é. Kànga tó wà nísàlẹ̀, ìyá nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dán an wò kó béèrè orúkọ ìyá tó bí ọmọkùnrin kan lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjà ti dé nìyẹn. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Tí ẹgbẹ́ rẹ kan bá fi lè gbọ́ ọ, orúkọ náà ni yóò máa fi bú ọ títí irùngbọ̀n yóò fi kún àgbọ̀n rẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Rudayna kò mọ èyí. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, yunifásítì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń tún òrùlé tó ń jò ṣe, ọdọọdún náà ni ọkàn rẹ̀ sì máa ń wà lókè. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Nufan, ṣèlérí fún un. Wọ́n fẹ́ fi fóònù dìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Rudayna ni yóò to ìwé ìbò, òun ni yóò kọ ìwé ìlànà sí àwọn olùdìbò. Bí ìbò náà bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀gá yóò buwọ́ lu ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé dànù mọ́.

“Ariwo nìkan ni mi ò fẹ́ gbọ́, Rudayna ọmọ mi,” ni Dókítà wí. “Ṣe é kó má pariwo.”

Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìbò ti jókòó kí Rudayna tó jókòó, wọ́n sì ti ṣòfin. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí àwòrán. Lọ́dún tó kọjá, òdòdó ni àwọn ọmọbìnrin tó díje fi rọ́pò ojú wọn, nígbà tí ọmọkùnrin kan sì rí i, ó fi àwòrán ẹṣin rẹ̀ sí i, ìgbìmọ̀ wá fi ọ̀sán gbogbo jiyàn bóyá ẹṣin lè díje. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà, nítorí kò sí ọmọ ọlọ́mọ tó gbà láti jẹ́ nọ́ńbà kejì. Ìnagijẹ ńkọ́? A ò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba nìkan ló kù: orúkọ ara ẹni, ti baba, ti baba baba, ti ìdílé. Ó mọ́ tónítóní.

Àfi bí ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dé. Méjì péré ni wọ́n. Èkíní ń jẹ́ Ghazi Salim Ghazi al-Mirazqa. Èkejì ń jẹ́ Ghazi Salim Ghazi al-Mirazqa.

Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ka méjì ni ìdílé al-Mirazqa, ọ̀kan ń gbé lókè àfonífojì, èkejì ń gbé nísàlẹ̀, wọn kì í sì í bára wọn jẹun. Ìhà méjèèjì ló ń fi orúkọ baba ńlá sọ àkọ́bí ọmọkùnrin, kò sì sí ẹ̀ka tó fẹ́ yọ̀ǹda orúkọ rere fún èkejì. Ní ọgbà, Ghazi Òkè àti Ghazi Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Rudayna bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ghazi Ìsàlẹ̀ gbọ́, ó búra pé òun á kúkú fi ìbò sílẹ̀ ju kí wọ́n kọ “Ìsàlẹ̀” mọ́ òun lórúkọ lójú ọ̀tá.

Ẹ̀rọ ìbò náà kò tiẹ̀ gbà. Gbogbo ìgbà tí Rudayna bá tẹ orúkọ kejì sí i, ó ń dá a lóhùn pé orúkọ náà ti wà. Ohun kan ṣoṣo ló gbà kó fi kún un, ó sì gbọ́dọ̀ ti inú ìwé ìjọba wá: ọjọ́ ìbí, ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí, tàbí orúkọ ìyá. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ta ló ń mọ ọjọ́ ìbí olóṣèlú kó tó dìbò fún un? Ó gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ. Wọ́n ti pe Dókítà síbi àsè, ìrẹsì àti ẹran àgùntàn ń dúró dè é, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìlẹ̀kùn.

“Fi èyíkéyìí tó bá wà nínú ìwé ìjọba sí i,” ló wí. “Ohun tí ìjọba bá kọ, ta ló máa bá ìjọba jà?”

Rudayna padà síbi kọ̀ǹpútà. Ó ronú, ó tún un rò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ní àgọ́ ọlọ́pàá, orúkọ ìyá ni wọ́n ń béèrè. Ní ẹnu bodè, òun náà ni. Ṣé ti ìbò ni yóò wá di èèwọ̀? Iṣẹ́ ti gbà á lọ́kàn débi pé ó gbàgbé ẹni tó ń ṣe é fún. Ó kọ “ọmọ Fidda” sí ẹ̀gbẹ́ Ghazi Òkè, ó kọ “ọmọ Thurayya” sí ẹ̀gbẹ́ Ghazi Ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn olùdìbò, pé: “Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀wọ́n, olùdíje méjì ló jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kí o má bàa ṣì í tẹ̀, wo orúkọ ìyá.” Gbólóhùn náà wù ú. Ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn, ó fi àpẹẹrẹ ìwé ìbò mọ́ ọn, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọgbà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé ti gbiná. Àwọn ọmọkùnrin ń pe “Fidda! Thurayya!” káàkiri ilé oúnjẹ bí ẹni ń polówó ọjà. Ghazi Òkè pa fóònù rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ghazi Ìsàlẹ̀ fọ́ àga. Ẹ wá wo nǹkan: ìdílé tí kò fẹ́ fojú rí ara wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan, pé obìnrin kọ̀ǹpútà yẹn ti bú àwọn.

Àwọn ará Òkè ló kọ́kọ́ dé. Hájì Ajlan, àgbà ìdílé, ló ṣáájú wọn, agbádá aláwọ̀ ràkúnmí lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì Dókítà, wọ́n bu kọfí fún wọn. Hájì gba ife, kò fi kan ẹnu, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Bí àlejò bá gbé kọfí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó wá tọrọ, bó bá sì fi dìde láìmu ún, àbùkù ilé onílé ni títí ayé. Dókítà kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ mu kọfí yín, Hájì. Ohun tí ẹ bá wá tọrọ, ẹ ti rí i gbà.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Rudayna. Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ló ti pa “ọmọ Fidda” rẹ́. Wọ́n mu kọfí, wọ́n nu irùngbọ̀n, wọ́n lọ. Rudayna béèrè bóyá kí òun pa ti èkejì náà rẹ́. Dókítà ní ṣé àwọn ará Ìsàlẹ̀ ti wá bẹ̀bẹ̀ ni? Rudayna ní wọn ò tíì wá. Dókítà ní kí ló wá ń kánjú fún, ẹni tí kò tọrọ, kí la fẹ́ fún un?

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ kò tètè wá nítorí pé wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò ṣáájú. Ìgbà tí wọ́n fi parí ìjà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ìbò ti ṣí, ẹ̀rọ sì ti ti ìwé ìbò pa. Wọ́n gbé kọfí tiwọn náà sílẹ̀. Dókítà búra títí, ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́, bó ṣe ọba ni. Wọ́n dìde, wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n fi ife kọfí sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà. Dókítà wo àwọn ife náà bí ẹni wo òkú. Lẹ́yìn náà ló wo Rudayna.

“Mo ní mi ò fẹ́ ariwo,” ló wí. “Ìwọ ba orúkọ mi jẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò ní sí pé à ń tún ìwé rẹ̀ ṣe mọ́. Bí oṣù bá ti parí, kó máa lọ ilé. Inú bí Rudayna débi pé kò lè sunkún.

Ìbò kúkú ń lọ ní tirẹ̀. Olùdìbò bá ṣí fóònù, á rí Ghazi méjì. Orúkọ ọ̀kan wà ní ìhòòhò, èkejì ń jẹ́ ọmọ Thurayya. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin há sí. Wọ́n ti fi orúkọ ìyá pamọ́ fún ara wọn dáadáa débi pé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ Thurayya nínú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lójú láti béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ Ghazi Ìsàlẹ̀ fúnra wọn sọ pé irú àbùkù yìí, ti ọ̀tá ni yóò jẹ́, wọ́n sì fi ìgboyà tẹ orúkọ tó wà ní ìhòòhò, láìmọ̀ pé ti Ghazi Òkè ni.

Àwọn ọmọbìnrin kò há síbì kankan, wọ́n sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú ọgbà. Obìnrin kan ń yan búrẹ́dì lẹ́bàá géètì. Bí òjò bá ń rọ̀ tí bọ́ọ̀sì kò tètè dé, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Ó ń fún wọn ní tíì gbígbóná, ó ń jẹ́ kí wọ́n fi iná sí fóònù, ó ti bá ọ̀pọ̀ wọn nu omijé nù. Ìyá Ghazi ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bí Ghazi Òkè náà, Ìyá Ghazi ni; kí ọ̀rọ̀ má bàa dà rú, Thurayya ni àwọn ọmọbìnrin ń pe tiwọn. Wọn ò bìkítà fún Ghazi, tí kì í kí èèyàn. Thurayya ni wọ́n dìbò fún.

Ghazi Ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì fẹ̀yìn èkejì gbálẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe gbé èsì jáde ni wọ́n ṣe kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: Ghazi Salim Ghazi al-Mirazqa, ọmọ Thurayya. Àwọn ọmọbìnrin fi ahọ́n gbé ìró ayọ̀ sókè. Alága tuntun fi aṣọ orí bo ojú, ó sá jáde bí olè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn, Thurayya ló sọ ọ́ fún Rudayna nígbà tó yá. Ó ní Ghazi jókòó síbi oúnjẹ, ó ń fọ́nnu pé kí wọ́n tó fi òun joyè, obìnrin kọ̀ǹpútà yẹn yóò ti fi ọgbà sílẹ̀. Thurayya ní kó fi ibi tí wọ́n kọ orúkọ náà sí han òun. Ó gba fóònù, ó wò ó pẹ́. Lórí káàdì ìgbéyàwó rẹ̀, “ọmọbìnrin Mutlaq” ni wọ́n kọ. Ní ilé ìwòsàn, Ìyá Ghazi. “Ará ilé” ni ọkọ rẹ̀ ń pè é.

“Ó dáa,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ ni a jọ máa lọ.”

Rudayna ń kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó wá. Ó bá Ghazi ní ọ́fíìsì Dókítà, ó dúró gbagidi. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà létí apá aṣọ dúdú rẹ̀. Wọ́n bu kọfí. Thurayya gba ife tirẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ojú Dókítà yí padà. Kò rí i rí kí obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀. “Ìyá Ghazi, kí lẹ wá tọrọ?”

Thurayya fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. Ghazi wúkọ́. Ó ní kí Dókítà jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Rudayna sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé tí wọ́n ti ṣèlérí fún un.

“Ta ló rán ọ?” ni Dókítà béèrè. “Ṣé àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ ni?”

Etí Ghazi méjèèjì pọ́n. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé.

“Thurayya ló rán mi.”

“Thurayya wo?” Ìyá rẹ̀ ló béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

“Thurayya ìyá mi.”

Dókítà wo ife tó wà nílẹ̀. Kọfí tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ kò mu ṣì ń dùn ún, kò sì lè fara da òmíràn. Ó ní kí wọ́n mu kọfí wọn, ohun tí wọ́n wá tọrọ, wọ́n ti rí i gbà.

“Ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ná,” ni Thurayya wí. “Mo lè mu ún ní tútù.”

Ó buwọ́ lù ú. Thurayya ní kí Rudayna kà á sókè kí òun gbọ́, ìgbà yẹn ló tó mu kọfí.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, tí Rudayna ti di òṣìṣẹ́ gidi, Ghazi Òkè yọjú sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní òun nìkan. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ní òun tún fẹ́ díje lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun dá nǹkan yẹn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òun.

“Nǹkan wo?”

Ó wẹ̀yìn. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Rudayna mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló sì pa á rẹ́ lójú àwọn àgbà. Ó gbé ìka sórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró.

“Mi ò gbọ́ o.”

Ọmọkùnrin náà tún un sọ, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́.