Ta Ló Gbé Àsíá Lọ́jọ́ Náà?

Ọmọ ogun méjìlá ló ń sọdá odò nínú gbọ̀ngàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun, kò sì sí èyí tó mira nínú wọn, torí pé ère amọ̀ ni wọ́n. Obìnrin tó mọ wọ́n ni kò rójú jókòó. Ó ń sáré kiri, ó ń lẹ irùngbọ̀n tó ń já, ó ń bú góòmù, ó tún ń kọrin. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bàbá rẹ̀ ni ère iwájú, tó na àsíá sókè. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé bàbá òun ló gbé àsíá sọdá lọ́jọ́ náà, bàbá ọ̀hún sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́la tí wọ́n bá ṣí àfihàn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀rí-Dà wọlé. Akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ogun ni, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi gba orúkọ ìnagijẹ náà. Ó ti já bọ́tìnnì méjì lára aṣọ ère ọ̀gágun tó wà lórí ẹṣin, torí pé wọn ò sí nínú ìwé, ó ti fi tépù wọn ìrù ẹṣin.

"Àbúrò mi, ẹ̀rí dà pé bàbá rẹ ló gbé e?"

"Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n."

Ó ṣí ìwé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: alásè ni bàbá. Ẹni tó gbé àsíá rì sódò lọ́jọ́ náà gan-an.

"Iṣẹ́ ọnà ni, ẹ jọ̀ọ́!"

"Òkú ńkọ́? Ṣé a ó jà á lólè ni?"

Ọ̀rọ̀ di fà á kí n fà á. Ẹ̀rí-Dà di igi àsíá mú, obìnrin di aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n ń yí po láàárín àwọn ọmọ ogun títí wọ́n fi gbá ọ̀gágun lórí, tí fìlà rẹ̀ bọ́ sórí ẹṣin. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú yẹn kò kúrò lọ́kàn obìnrin náà. Ó gba àsíá lọ́wọ́ ère bàbá rẹ̀, ó gbé ìkòkò fún un. Ó gbé àsíá fún ère ẹ̀yìn, ó mọ ojú tuntun sí i, ojú lásán tí kò jọ ẹnì kankan. Báwo ni bàbá òun ṣe fẹ́ gbórí sókè láàárín èrò?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá dé tòun ti kóòtù. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń ròyìn àsíá. Ó dé iwájú ère, ó dúró. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi."

Bàbá ò tiẹ̀ wo ìkòkò. Ẹni tó gbé àsíá ló ń wò.

"Ojú ẹ̀ kọ́ nìyí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Tí mo bá ní òun ló gbé e, wọ́n á bi mí pé ibo ló wà. Mi ò lè la ẹnu sọ pé ó kú. Ni mo bá ní èmi ni."

Amọ̀ ojú náà ṣì tutù. Bàbá ká apá kóòtù sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ imú ère fẹ̀, ó fa etí rẹ̀ síta, ó ní etí ọ̀rẹ́ òun tóbi débi pé fìlà kankan kò gbà á. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ó ń wí, "ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Mo ti ń rí i."