Ẹ̀tù Ṣáájú Ọta

Èéfín ẹ̀tù bo ojú Arlena kí ìró ìbọn náà tó lọ kan òkè kejì, kó sì padà wá. Ó dúró títí atẹ́gùn fi gbá èéfín náà lọ, ó gbé ṣakabùlà ti ara igi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi bébà tó kàn mọ́ ògbólógbòó ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ pápá. Orí àti ọrùn tòlótòló ló fi ẹ̀dú yà sí àárín rẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ ti lu etí bébà náà yí ká bí aṣọ tí èkúté jẹ, ṣùgbọ́n ọrùn tòlótòló mọ́ tónítóní. Ọta kan péré ló ba orí rẹ̀, níbi àgógó.

Ó tú bébà náà, ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀.

Estill Stidham jókòó sórí àga lábẹ́ igi kan tó ti tanná funfun látòkè délẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Láti ìgbà òtútù tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ti lọ, ó ku ẹyọ kan. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "ọ̀la" ni. Bó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, "ọ̀la" náà ni. Ohùn nìkan ló ń yí padà: ó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí bẹ̀bẹ̀, ó lè fi bú ènìyàn, ó sì lè fi sunkún.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ṣé ẹ̀tù ló pọ̀ jù ni, àbí ọta ló kéré?"

Bàbá wo bébà náà pẹ́. "Ọ̀la."

"Kí n dín ẹ̀tù kù?"

"Ọ̀la."

"Àbí kí n fi kún un?"

"Ọ̀la! Ọ̀la!" Ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga, omi sì lé sí i lójú. Arlena kò mọ èwo ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ èwo ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Estill fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ìdí ìbọn náà, òun ló sì to gbogbo ara rẹ̀ pọ̀. Ẹnu ìbọn náà kò fún bíi ti ìbọn ayé òde òní tó ń kó ọta jọ sójú kan. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, yóò fọ́n ọta ká bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Bó bá kéré jù, ọta kò ní lágbára tí yóò fi pa nǹkan. Ṣakabùlà kọ̀ọ̀kan ló ní iye ẹ̀tù tirẹ̀, iye ọta tirẹ̀, àti irú èdìdì, aṣọ tàbí bébà kíkì, tó fẹ́ láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìrúwé ni Estill fi wá ohun tí ìbọn yìí ń fẹ́, ó sì rí i. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀túnla ni ìjọba yóò ṣí igbó fún àwọn ọdẹ tòlótòló. Láti ìgbà tí òdòdó ti ń yọ ni bàbá ti ń nawọ́ sí ìbọn lára ògiri láràárọ̀, bí Arlena kò bá sì gbé e wá fún un, kò ní jẹun. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó sọ fún Arlena pé kó má mikàn: ohun gbogbo ṣì wà nínú bàbá, ilẹ̀kùn ẹnu ló há. Ọ̀rọ̀ yìí ni Arlena gbá mú. Odò kì í kún kó bo ẹja lójú, ó máa ń wí fún ara rẹ̀ bó bá ń fọ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lálẹ́. Wọ́n wà nínú ibẹ̀. Wọ́n ń rí mi.

Coy Noble, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ láti kékeré, wa ọkọ̀ rẹ̀ gun orí koríko wá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un.

"Èéfín yìí pọ̀ o! Mo ti rò pé ẹ dáná sun ilé."

"Ẹ káàsán, Àǹkù Coy."

"Estill, ọkùnrin! Àwọn tòlótòló ń pariwo lórí òkè láàárọ̀ yìí bí olóṣèlú. Wọ́n ń bèèrè rẹ. Wọ́n ní ṣé o ti kú ni?"

Ẹ̀rín gba ìdajì ojú Estill. "Ọ̀la."

"Ohun tí mo sọ fún wọn náà nìyẹn."

Arlena fà á sẹ́yìn díẹ̀. "Àǹkù, ṣé ẹ ò mọ bí Bàbá ṣe ń ki ìbọn yìí ni?"

"Èmi? Gbogbo ìgbà tá a fi jọ ń rìn nígbó, bó bá fẹ́ kì í, ẹ̀yìn ló máa kọ sí mi. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Bàbá rẹ á fún mi lẹ́ran, á tún fún mi ní itan. Ti ìbọn yẹn nìkan ló láhun sí."

Arlena dín ẹ̀tù kù, ó tún yìn ín. Ọta já sí ìsàlẹ̀ bébà. Ó pààrọ̀ èdìdì sí èyí tó nípọn. Èdìdì náà gba àárín ọta kọjá, ó dá ojú òfìfo kan sílẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí orí ẹyẹ wà. Èjìká ń ro ó. Gbogbo bébà tó bá gbé wá ni bàbá ń wò, tó ń pariwo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan náà, títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀ sókè lórí àga.

"Ó fẹ́ kì í fúnra rẹ̀!" ni Coy wí, ó sáré dì í mú. "Jẹ́ kó kì í, Arlena. Ọwọ́ kì í gbàgbé."

Kí ló dé tí òun kò ti ronú kan èyí? Ó yára to ìwo ẹ̀tù, àpò ọta, òṣùwọ̀n àti èdìdì sórí tábìlì. Coy mú ìbọn dúró, ó kọ ẹnu rẹ̀ sójú ọ̀run. Ọwọ́ òsì bàbá rọra kọjá lórí àwọn nǹkan náà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Arlena tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Kò fẹ́ kí ìwọ̀n náà fo òun dá.

Bàbá mú àpò ọta.

Ó bu ọta kún òṣùwọ̀n, ó sì dà á sẹ́nu ìbọn. Ọta ń dún wàrà-wàrà lọ sí ìsàlẹ̀ irin tó ṣófo.

Coy bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Estill, o ò ní pa mí!"

Estill kò rẹ́rìn-ín. Ó ki èdìdì bọ̀ ọ́. Ó bu ẹ̀tù, ó fi àtàǹpàkò tẹ́ ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó dà á lé ọta lórí, kò sì jẹ́ kí eruku rẹ̀ kan ṣòfò. Ó mú ọ̀pá ìkìbọn, ó fi gbogbo agbára ọwọ́ kan kì í wọlẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ rọlẹ̀ bí kò ti rọlẹ̀ láti ìgbà òtútù.

"Ọ̀la," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ogún lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu Coy. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀.

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí àfonífojì yẹn tí kò mọ̀ pé ẹ̀tù ló ń ṣáájú ọta wọ ìbọn. Arlena gba ìbọn náà. Kí ni ì bá ṣe? Bàbá ń wò ó. Ó bu ẹ̀tù díẹ̀ síbi tí òkúta ti ń ṣáná, ó rìn lọ síbi tó ti ń dúró, ó fojú sun bébà, ó sì yin ìbọn. Iná bù, èéfín díẹ̀ rú, *fùú*. Ìbọn kò dún. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, bóyá iná fara pamọ́ síbì kan nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń wo bébà níwájú, ó ń mi orí, inú rẹ̀ dùn.

"Ó dáa, Estill," ni Coy wí. Ó dì í lápá mú. "Ó dáa gan-an ni. Wá, ká lọ jẹun."

Bí wọ́n ti ń kọjá lára rẹ̀, Arlena sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tí wọn ò mọ̀."

"Àwa náà ṣáà ń wí bẹ́ẹ̀." Coy kò wò ó lójú. "Ọ̀túnla ńkọ́?"

"A máa gbé wọn lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ."

"Ìbọn ńkọ́?"

Arlena gbé ìbọn náà lé orí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó nu ibi ìṣáná mọ́, ó de ìkọ́ onírin mọ́ orí ọ̀pá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí bàbá rẹ̀ kì sínú ìbọn. Ẹ̀tù dúdú tú sínú abọ́. Èdìdì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló da ìbọn délẹ̀, ọta sì ń já sórí tábìlì, wọ́n ń yí lọ sínú koríko. Lójú fèrèsé, ó ń rí orí bàbá rẹ̀ tó tẹ̀ sórí àwo, àti Coy tó ń rún búrẹ́dì fún un sínú ẹ̀wà.

Ó ti ya ẹnu láti kígbe bèèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ẹ̀tù tó ti wọ ìbọn tó sì tún jáde ṣì ṣe é lò. Ó pa ẹnu dé, ó da ẹ̀tù náà nù sórí ilẹ̀, ó sì lọ kan bébà mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn.