Fọ́nrán Kúkúrú Tí Siddiqah Yọ Dànù

Ìṣirò Siddiqah dùn ún wò. Fọ́nrán òwú tó wọlé lóṣù yẹn gùn tó mìlímítà méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìpíndọ́gba, àwòrán tó ń fi gígùn wọn hàn lórí kọ̀ǹpútà sì ní òkè kan ṣoṣo, ó yọ gọngọ. Didier, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìrànwú náà ní Yopougon, wò ó, ó ní bí oṣù bá parí, àwọn yóò gba Siddiqah, tó ń wọn òwú lórí ìdánwò ní yàrá àyẹ̀wò, síṣẹ́ pátápátá. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀; ti Siddiqah kọ́kọ́ fẹ́ tọ ẹlòmíràn lọ. Òwú ń já lójoojúmọ́ lórí ẹ̀rọ keje. Didier ní níwọ̀n ìgbà tí ìṣirò ti sọ pé òwú dára, ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ni kò dára. Ẹni náà ni Ràmílátù, àbúrò ìyá Siddiqah, tó tọ́ ọ dàgbà ní Abobo. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń so òwú tó bá já. Wọ́n ní kó wá rojọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì ti fẹ́ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ràmílátù wọ yàrá àyẹ̀wò, ó da ẹ̀kúnwọ́ èérún òwú sórí tábìlì.

“Abẹ́ ẹ̀rọ mi ni mo ti kó o. Ṣé èyí gùn lójú tìẹ?”

“Tantí, ẹ má bínú, moyenne ẹ̀, ìpíndọ́gba ẹ̀, dáa. Vingt-huit, méjìdínlọ́gbọ̀n ni.”

“Mi ò béèrè vingt-huit. Èyí tí mo kó wá yìí, níbo ló wà nínú ìwé rẹ?”

Siddiqah wọn díẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, mọ́kànlá. Nígbà tó ń ṣe ìṣirò, ó ti yọ gbogbo fọ́nrán tí kò tó mìlímítà méjìlá dànù, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé irú wọn sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ, wọ́n sì ń ba àwòrán jẹ́. Ó dá wọn padà sínú ìṣirò. Òkè kejì wú jáde lápá òsì, ìpíndọ́gba sì já wálẹ̀ sí mẹ́rìnlélógún. Fọ́nrán kúkúrú ló ń mú òwú já, kì í ṣe ọwọ́ Ràmílátù. Ìwé tó mọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹni tó rán an nílé ìwé kúrò níṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Didier wo àwòrán tuntun náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé Ràmílátù kọ́ ni tantí rẹ? O fẹ́ fi ìwé yìí gbà á sílẹ̀.”

“Òun ni. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ọ̀gá. Ẹ fọwọ́ ara yín fa òwú nínú ìdì tó bá wù yín, kí ẹ wọ̀n ọ́n.”

Didier fà á, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ta ló wá yọ àwọn kúkúrú yìí nínú ìwé àkọ́kọ́?”

Siddiqah lè di ẹ̀bi náà ru kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò lẹ́nu tí yóò fi jiyàn. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

“Èmi ni, ọ̀gá.”

Ràmílátù padà sídìí ẹ̀rọ keje lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti Siddiqah, Didier ní kó ṣì lo oṣù mẹ́fà sí i lórí ìdánwò, lẹ́yìn náà kí àwọn wò ó.

Nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn lọ sí Abobo Gare, Siddiqah ń sunkún. Ràmílátù jẹ́ kó sun ún tán, ó ń ṣa èérún òwú kúrò léjìká rẹ̀.

“Láti ọdún mọ́kàndínlógún,” ló sọ, “bí òwú bá ti já, wọn á ní ọwọ́ wa ni. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ láti bureau, láti ọ́fíìsì wọn, tó máa sọ pé òun ni.”