Ẹ̀yìn Tíṣà Há

Tíṣà Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà káàkiri àwọn iléeṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù tí ẹ̀yìn ò fi ní kán, kí ó sì wádìí ibi tí iṣẹ́ ti ń fìyà jẹ ara wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹ̀yìn tirẹ̀ gan-an ló ń bá a ṣẹjọ́. Lánàá ni òun nìkan gbé kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá dé pálọ̀, torí kò fẹ́ pe àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbéraga lásán ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ eré. Mànéjà iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí ti sọ fún un pé bí ó bá lè jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ sọ òótọ́ ibi tó ń dùn wọ́n, òun á gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá rí i ṣe, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Kíkiri láti iléeṣẹ́ dé iléeṣẹ́ sì ti sú u.

"Ta ni nǹkan ń dùn níbí?" ló kọ́kọ́ bi wọ́n.

Kálukú kọjú sí páálí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ké ìrora ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

"Kò síṣòro, sà," ni ọkùnrin kan tó ń to páálí dáhùn. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbà gbogbo, wọ́n sì ti sọ ọ́ di Kòsíṣòro. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fọwọ́ ra ìbàdí. Àǹtí Onítéèpù, tó ń fi téèpù lẹ páálí pa látàárọ̀ dalẹ́, ní ara òun dá ṣáṣá. Ọwọ́ òsì ló fi ń yún imú, torí ọ̀tún ò gòkè mọ́.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Ohun tí mo bá ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Ó la ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó na ẹ̀yìn, ó di páálí mú. Bó ṣe ní kí òun dìde, nǹkan ta á kìì ní ìbàdí. Kò lè lọ sókè, kò lè lọ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti lóṣòó bíi tirẹ̀ wò ó, àwọn náà ò dìde.

"Ẹ… ẹ máa mí," ni ó wí, kí ó má bàa tẹ́.

Wọ́n ń mí.

Mànéjà wọlé, ó bá gbogbo wọn lórí ìlóṣòó. "Kí lẹ̀ ń kọ́?"

"Sùúrù ni, mà," ni Kòsíṣòro wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mànéjà ò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ kankan fo òun, ló bá ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀, òun náà lóṣòó.

Ìgbà náà ni fóònù Tíṣà dún lórí tábìlì. Kòsíṣòro rí i pé ọwọ́ Tíṣà ò sófo, ó nawọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Oore ló rò pé òun ń ṣe.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó Tíṣà wí, gbogbo ilé sì gbọ́, "ṣé ẹ̀yìn yẹn ti rọ̀? Mo ní kẹ́ ẹ pe àbúrò mi, ẹ ní rárá. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí, ẹ̀yin nìkan lẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù! Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ o."

Ojú ti Tíṣà bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ. "Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ̀kọ́ ti tán tipẹ́. Ẹ̀yìn mi ló há."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dìde, ẹ̀rín di igbe.

"Apá mi!" ni Àǹtí Onítéèpù ké. "Láti ìgbà òjò ló ti kú, mi ò kàn lè sọ ni!"

"Yéè, ìbàdí mi!" ni Kòsíṣòro lọgun. "Ìṣòro wà! Ìṣòro wà gan-an ni!"

Mànéjà fúnra rẹ̀ di ọrùn mú, ó ń ṣépè fún àga ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tí kálukú ń fi pa mọ́ tú jáde, Tíṣà sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí iwájú rẹ̀, lórí ìlóṣòó tó wà.

"Ọjọ́ Ajé lẹ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni Mànéjà wí fún un, "tẹ́ ẹ bá ti lè dìde."

Èèyàn mẹ́rin tí tiwọn sàn díẹ̀ yí i ká. Wọ́n la ẹsẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n gbé Tíṣà sórí ọmọlanke láìsí ẹni tó ké.

Fóònù ò tíì kú. "Ta ló ń gbé e?" ni ìyàwó rẹ̀ bi wọ́n.

"Àwa mẹ́rin ni, mà."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ rọra máa gbé e bọ̀ nílé. Àbúrò mi wà níbí, á bá yín sọ̀ ọ́."

Tíṣà di ọmọlanke mú. "Ẹ sọ fún un kó má lọ o," ló wí. "Kó dúró dè mí."