Ta Ló Jókòó Sórí Àga Yìí?

Obìnrin náà kò sí nínú ilé. Oníbúrẹ́dì fi ojú wá a káàkiri ojú kọ̀ǹpútà: kò sí nínú ìsọ̀ aṣọ, kò sí nídìí àká iyọ̀, kò sí nínú ọgbà òdòdó tí òun kọ́ fún un sẹ́yìn ilé. Ọkọ rẹ̀, olórí ìdílé oníṣòwò náà, nìkan ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà ńlá rẹ̀. Ìgbà tí Oníbúrẹ́dì ṣí àwòrán ayé ni ó tó rí i. Obìnrin náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti gúnlẹ̀ sí èbúté tí ó jìnnà jù lọ nínú eré orí kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé: "Ó ń bójú tó ìsọ̀ tuntun. A kò mọ ìgbà tí yóò padà."

Ìyẹ̀fun ṣì wà lápá Oníbúrẹ́dì. Ó bojú wo ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí ìyàwó tirẹ̀ gan-an ti ń sùn.

"Èsì rẹ̀ nìyí," ni ó sọ fún ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe. Kí ó tó ti ilé ìwòsàn dé láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ti wà nídìí ààrò; bí ọkọ bá dé lọ́sàn-án, aya ti sùn. Ìgbà tí aya bá sì jí láti múra iṣẹ́, oorun ti gbé ọkọ lọ, nítorí pé kí àkùkọ tó kọ ni òun máa ń dìde. Bí oòrùn àti òṣùpá ni wọ́n ṣe ń gbé ilé náà.

Ọmọbìnrin wọn ni ó fi kọ̀ǹpútà alágbèéká náà sílẹ̀ nígbà tí ó lọ sílé ọkọ. Òun ni ó kọ́ wọn ní eré náà pẹ̀lú, eré àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀ kan ṣoṣo, á gbéyàwó, á bímọ, á rán ọkọ̀ ojú omi lọ ra iyọ̀ àti aró. Bí olórí ìdílé bá kú, àrólé á bọ́ sí ipò rẹ̀, ìdílé á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Nígbà náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ máa ń ṣe é, tí wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn.

Lẹ́yìn tí ọmọ lọ, Oníbúrẹ́dì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé obìnrin inú eré ti ra iyọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àga tí òun ti kọjú rẹ̀ sí tábìlì ti yí padà, ó kọjú sí fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn. Nọ́ọ̀sì ti jókòó síbẹ̀ láàárọ̀! Òun náà kọ́ ọgbà òdòdó kan láti fi dá a lóhùn, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn òdòdó. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà ti gbin òdòdó pupa síbẹ̀. Oníbúrẹ́dì rántí rẹ̀ nídìí ààrò, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun bi í pé, "Bọ̀dá, ṣé ìyẹ̀fun ló ń pa àwàdà fún yín ni?"

Báyìí ni ó ṣe gbà pé òun àti ìyàwó òun ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí ìlú mìíràn. "Wọ́n ní kí n wá ṣe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ó dára," ni ó fi dáhùn, oorun sì gbé e lọ. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ní báyìí, obìnrin inú eré ti wọkọ̀.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà há abíyá, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Ẹ̀rọ.

"Dókítà, bá mi wò ó. Ìyàwó ti lọ."

"Háà! Ìyàwó ta?"

"Ti inú eré."

Dókítà Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Mo ti ń wá bàtà tí n óò wọ̀ lọ bẹ àna yín." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Ẹ wo àpótí kékeré yìí. Wọ́n ti sàmì sí i. Ìyẹn ni pé kí àwọn ará ilé máa dá ṣe ìpinnu wọn, kí ọjọ́ sì máa lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sí nídìí rẹ̀."

"Ìyàwó mi ló máa ń ṣe é láàárọ̀."

"Ó lè máa ṣe é o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbí, ẹ̀rọ ló ṣe é. Iyọ̀ yìí, ẹ̀rọ ni. Òdòdó pupa yìí náà, ẹ̀rọ ni." Ó gbójú sókè, ó rí ojú Oníbúrẹ́dì, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n mú àmì náà kúrò?"

"Fi sílẹ̀ ná. N óò kọ́kọ́ bi í."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi omi tútù bọ́jú kí oorun má baà gbé e. Nọ́ọ̀sì jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wá aago ọwọ́ rẹ̀ kiri.

"Dádì, ẹ ò tíì sùn? Kí ló dé?" Ó ti pẹ́ tí ó ti pè é ní "Oníbúrẹ́dì mi" gbẹ̀yìn.

"Ṣé o máa ń ṣe eré àwọn oníṣòwò yìí láàárọ̀?"

"Èmi? Láti ìgbà tí ọmọ yín ti lọ sílé ọkọ, n kò fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ wíwú yìí ni n óò gbé jókòó ti eré?"

"Àga náà máa ń yí padà."

"Orí rẹ̀ ni mo ti ń bọ́ bàtà. N kì í fẹ́ wọ bàtà ilé ìwòsàn dé yàrá."

Oníbúrẹ́dì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iyọ̀, òdòdó, àti èbúté. Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rín.

"Kí lẹ wá rò pé mo fi ń sọ?"

"Pé o máa lọ."

"Ẹ ò ṣe fi ẹnu bi mí?"

"O máa ń sùn."

"Ẹni tó sùn là ń jí, Dádì. Apirọrọ ni a kì í jí." Ó rí aago náà, ó sì so ó mọ́ ọwọ́. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí èsì. Mo ti ń dúró kí ẹnì kan nínú ilé yìí bi mí léèrè."

Oníbúrẹ́dì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti fun fèrè níta. Aya rẹ̀ sì jáde.

Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ mú àmì náà kúrò. Láti ìgbà náà, nǹkan kan kò mira nínú eré náà mọ́. Àwọn ọmọ dúró nínú ọgbà bí òpó. Obìnrin náà dúró ní èbúté, ó kọjú sí òkun. Ìka kan ni ó tó láti fi dá a padà wálé, ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì kò tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, ó máa ń jókòó, á wò ó, á sì gbọ́ bí ilé tirẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Bí ó ti ṣe dákẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, òun ni kò gbọ́.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá àga tí ó kọjú sí fèrèsé. Kò kà á sí. Ó yí i padà, ó jókòó, ó sì wo ojú kọ̀ǹpútà. Èbúté ṣófo. Ọkọ̀ ojú omi náà ti wà ní etídò ilé, obìnrin náà sì wà nínú ọgbà, láàárín òdòdó pupa.

Ó ṣí ibi tí àpótí kékeré náà wà. Kò sí àmì nínú rẹ̀. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Kò sí.

Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí kì í ṣí lọ́sàn-án, ó sì fi ọwọ́ oníyẹ̀fun kan ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"Nọ́ọ̀sì. Jí."

"Oníbúrẹ́dì mi," ni ó wí láìlajú, "kí ló dé?"

"Mo rí ọkọ̀ ojú omi náà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí eré bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu ni mo fẹ́ fi bi ọ́: ṣé ó wù ọ́ láti lọ?"

Ó lajú. Ó wo ìyẹ̀fun èjìká rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ ògiri, ó sì fi àyè sílẹ̀ lórí ibùsùn.

"Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà," ni ó wí.