Fóònù Tí Ẹlẹ́rìn-ín Yàn fún Màmá

Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu obìnrin náà, ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló ń bójú tó. Bí oníbàárà bá bi í, á ka ìran fóònù wọn bí ẹni ń ka ìdílé bàbá rẹ̀: èyí ṣì máa gba àtúnṣe láti ilé-iṣẹ́, èyí tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, tọ̀hún ti ń kógbá sílé.

Nígbà tí etí màmá di, ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun, ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń ti inú fóònù ṣiṣẹ́.

"Bá mi yan fóònù tó máa pẹ́ fún màámi o."

Ẹlẹ́rìn-ín mú èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ò ní pẹ́ dópin. Ilé màmá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti bẹ màmá títí kí wọ́n tà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá ń tẹnu mọ́: "Ilé tí mo fi abẹ́rẹ́ kọ́? Ó di ẹ̀yìn ikú mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, áàpù ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní fóònù ti gbó. Màmá ò mọ̀wé. Ó gbé e tọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá.

"Ìyàwó mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ẹ ti gbó, òun náà ti gbó," ni Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Màmá rí ẹ̀rín náà, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọkọ hàn nínú fóònù Ẹlẹ́rìn-ín.

"Màámi, ìyàwó mi ní ẹ ti gbà ká ta ilé. Ṣé òótọ́ ni?"

Màmá wo ojú Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ pa ikùn, ó tún fi ìka kan ẹnu, bí ẹni ń sọ pé, ó ní ṣé ẹ ti jẹun.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi! Tayọ̀tayọ̀ ni! Ìyàwó mi ò jẹ́ kí ìyà jẹ mí."

Ọmọ nu omijé. "Ẹ ṣé, Màámi. Mi ò rò pé ẹ máa gbà wẹ́rẹ́ báyìí."

Nígbà tí àwọn tó ra ilé dé, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, màmá dì mọ́ ọn, ó ń pariwo olè. Ẹlẹ́rìn-ín ya fídíò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sórí òkun: "Orí màmá ti dàrú."

Èsì ò pẹ́: "Ó dùn mí o. Wá ilé àwọn arúgbó tó dáa fún wọn."

Ọkùnrin méjì wá gbé màmá. Ó fẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó ń wá ojú kan ṣoṣo tó mọ̀.

"Ìyàwó mi, gbà mí!"

Ẹlẹ́rìn-ín sáré wá. Ó bá wọn tú ẹsẹ̀ màmá kúrò lára ìlẹ̀kùn.